120 àbí 121? Ọ̀rọ̀ aládùúgbò lórí òrùka benzene

Ẹ kú ìjókòó o. Ìgò kékeré méjì ni mo gbé wá, ẹ máa gbé e yípo. Ẹ gbóòórùn àkọ́kọ́ yẹn, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n? Methyl salicylate ni, òun ló máa ń wà nínú báàmù tá a fi ń pa orúnkún màmá àgbà. Èkejì ni methylparaben, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ rùn, inú ìpara ni wọ́n máa ń fi sí kó má bàa tètè bàjẹ́. Iye átọ̀mù kan náà làwọn méjèèjì ní, C8H8O3, 152 ni ìwọ̀n wọn, ibi tí OH jókòó sí lára òrùka benzene (kábọ́ọ̀nù mẹ́fà tó so pọ̀ bí òrùka) nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀: ti báàmù fara ti ester (COOCH3 tó so mọ́ òrùka náà) gbágbá, ortho nìyẹn, ti ìpara wà lódìkejì lọ́hùn-ún, para nìyẹn.

Ó dáa, ẹ kó wọn sínú mass spectrometer, ẹ̀rọ tó ń wọn bí mólékù àti ègé ẹ̀ ṣe wúwo tó, ẹ fi ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù alágbára 70 eV gbá wọn, dandan ni kí wọ́n fọ́. Methylparaben ò lárékérekè, OCH3 ara ester ẹ̀ já kúrò, 31 lọ, ó ku 121, píìkì ẹ̀ (ìlà tí ẹ̀rọ fà fún un) ló ga jù, CO tún jáde, ó di 93, ó parí.

Methyl salicylate ńkọ́? 120! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé èmi ni mi ò ṣètò ẹ̀rọ dáadáa, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé háídírójìn ara OH yẹn, torí pé ilé ẹ̀ ò jìnnà, ó sọdá sọ́dọ̀ OCH3, àwọn méjèèjì wá di methanol, wọ́n jọ bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, 32 lọ, ó ku 120, CO tún lọ, ó di 92. Tẹ́ ẹ bá ka átọ̀mù tó wà lójú ọ̀nà yẹn, tẹ́ ẹ ka háídírójìn mọ́ ọn, mẹ́fà ni, bí òrùka kékeré mìíràn ni wọ́n ṣe máa ń tò fún ìgbà díẹ̀. Ti para ò lè ṣe é, ọwọ́ ẹ̀ ò tó o.

Ẹ wá fura o: tí náítírójìn ò bá sí nínú mólékù, já-kúrò lásán máa ń fi nọ́ńbà tí ò ṣeé pín sí méjì sílẹ̀, bíi 121. Tẹ́ ẹ bá rí píìkì gíga tó ṣeé pín, háídírójìn kan ti kó ẹrù.

Nitrotoluene (òrùka benzene tó gbé CH3 àti nitro, ìyẹn NO2) náà ń ṣe irú ẹ̀. 137 ni ìwọ̀n ẹ̀, nitro ti ortho máa gba háídírójìn lára CH3, OH á sì jáde, 17 lọ, 120 nìyẹn (ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ 120 ti methyl salicylate, náítírójìn wà nínú eléyìí). TNT, ohun abúgbàù tó jẹ́ toluene tó gbé nitro mẹ́ta, tiẹ̀ burú jù, nitro méjì ló há CH3 ẹ̀ mọ́ àárín, 227 ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, 210 ló máa ń ga fíofío.

Ẹnì kan bi mí pé meta ńkọ́, ìyẹn tí OH bá fi àyè kan jìnnà sí ester. Meta náà ò lè nawọ́ kàn án, 121 àti 93 ni òun náà máa fún yín bíi ti para, ẹ̀rọ yìí nìkan ò lè bá yín dá wọn mọ̀, ẹ kọ́kọ́ gba inú GC (gas chromatograph, ẹ̀rọ tó ń ya àwọn èròjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀) kọjá, kẹ́ ẹ wo àsìkò tí kálukú jáde.