Ọjọ́ 14 ní Gánà: Géèmù Kọ̀ǹpútà Nínú Kíláàsì Ìtàn

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ ìtàn sọ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Nílùú tí a wà yìí, agboolé tí kò ní ẹni tó ti Gánà dé kò wọ́pọ̀. Síbẹ̀, tí mo bá kọ "1969" sójú bọ́ọ̀dù, ńṣe làwọn ọmọ máa ń yán. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà ni ìjọba Kofi Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò láàárín ọjọ́ 14. Ọmọ á há a sórí, á kọ ọ́ nínú ìdánwò, ó parí.

Don Rawitsch ló là mí lójú. Lọ́dún 1971, nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Minneapolis l'Amẹ́ríkà, òun àti Bill Heinemann pẹ̀lú Paul Dillenberger ṣe The Oregon Trail, géèmù kọ̀ǹpútà nípa àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà ṣí lọ sí Oregon láyé àtijọ́, fún kíláàsì ìtàn rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ní ojú bíi tẹlifíṣọ̀n. Orí bébà ló ń tẹ èsì sí. Ọmọ á ṣírò owó màlúù, oúnjẹ àti ọta ìbọn. Tó bá fẹ́ pa ẹran ìgbẹ́, á tẹ BANG. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: ẹni tó bá pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́, ẹran ti sá lọ.

Géèmù tèmi, lórí ọjọ́ 14 ti Gánà, kò tó bẹ́ẹ̀. Excel lásán ni, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò. Ọmọ á di ìyá oníṣòwò kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta aṣọ ní Tamale, ní àríwá Gánà. Ó ní ìgàn aṣọ nílẹ̀, ó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù wà níta, àwìn ni. Títẹ̀ kan, ọjọ́ kan. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni owó aṣọ ń já wálẹ̀, torí gbogbo àjèjì ló ń lu ọjà wọn ní gbàǹjo. Owó ọkọ̀ sì ń gun òkè. Onígbèsè ti gbọ́ pé ò ń lọ. Kí ló fẹ́ san án fún?

Ọmọkùnrin kan fi ọjọ́ 9 sin owó. Èyí tó rí gbà kò tó wọ lọ́rì. Ó ní kọ̀ǹpútà rẹ́ òun jẹ. Mo ṣí ibi tí mo kọ òfin géèmù sí, mo ní kó fi ibi tó ti rẹ́ ẹ jẹ hàn mí. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló ní kí owó ọkọ̀ máa wọ́n lójoojúmọ́? Èmi ni. Kí ni ẹ̀rí mi? Ojú tì mí díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, géèmù tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rí inú rẹ̀ kò wọ kíláàsì mi mọ́.

Mo wá gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá ìyá kan ládùúgbò wa, tí wọ́n ti Tamale dé lọ́dún 1969. Mo ka ohun tí wọ́n lè ṣe sí wọn létí: kí wọ́n lu aṣọ ní gbàǹjo, kí wọ́n dì í sọ́kọ̀, kí wọ́n lọ sin owó.

"Níbo lẹ kọ ọ́ sí pé mo fi kọ́kọ́rọ́ lé ará ilé kejì lọ́wọ́?"

Mo ní kò sí níbẹ̀, Mà.

"Ohun tí mo ṣe nìyẹn."

Ǹ bá fi kún un lójú ẹsẹ̀, àmọ́ iye wo ni kí n kọ síwájú rẹ̀? Mo bi wọ́n bóyá ẹni náà tilẹ̀ fi nǹkan ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jẹ àmàlà ná.