Bí AzMC Ṣe Ń Tú Àṣírí Gáàsì H₂S

Ẹ wo ìgò kékeré méjì yìí. Omi inú wọn mọ́ gaara, kò sí èyí tó ní àwọ̀. Ẹ jẹ́ ká pa iná, ká tan iná UV 365 nánómítà sí wọn fírí. Ọ̀kan tàn búlúù, èkejì ṣókùnkùn. Inú èyí tó tàn ni H₂S (hydrogen sulfide) wà, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, tó máa ń kóra jọ sínú sókàwéè. Ẹ má gbára lé imú o. Tí gáàsì yìí bá ti tó nǹkan bí 100 ppm (ìpín 100 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́), imú ò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́, ẹni tó wà níbẹ̀ á rò pé ó ti lọ.

Kẹ́míkà inú omi náà ni 7-azido-4-methylcoumarin, tí wọ́n ń pè ní AzMC. Coumarin ló ń tàn, àmọ́ náítrójìn mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra wọn, ìyẹn azide, ni kò jẹ́ kó tàn. H₂S á gba méjì kúrò nínú wọn, ẹyọ kan tó kù á di amine (náítrójìn tó so mọ́ háídrójìn), ìmọ́lẹ̀ á sì yọ ní nǹkan bí 450 nánómítà.

Ẹ po mílígíráàmù 2 AzMC mọ́ mílílítà 1 DMSO, ìyẹn nǹkan olómi tó ń yọ́ kẹ́míkà, ó di 10 mM (mM ni wọ́n fi ń wọn bí kẹ́míkà ṣe pọ̀ tó nínú omi; µM jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀). Ẹ fi fóìlì wé ìgò náà, kó wọ fírísà. Lọ́jọ́ ìlò, ẹ fa máíkírólítà 10 rẹ̀ sínú mílílítà 10 bọ́fà pH 7.4, ìyẹn omi tí kì í jẹ́ kí pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) yí padà. Ní pH yìí, ó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta H₂S tó ti pàdánù háídrójìn kan tó sì di HS⁻, òun gan-an ló ń kọlu azide. Tí omi bá kan, gáàsì á fò jáde kó tó ṣiṣẹ́.

Fún òṣùwọ̀n, ẹ yọ́ mílígíráàmù 24 Na₂S·9H₂O, iyọ̀ tó ń mú H₂S wá nínú omi, sínú mílílítà 10 omi. Máíkírólítà 1 rẹ̀ nínú mílílítà 1 bọ́fà AzMC yẹn jẹ́ 10 µM. Ẹ ṣe ìgò 0, 10, 25, 50 àti 100 µM. Omi Na₂S tẹ́ ẹ pò lọ́jọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lò, torí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi gbogbo ìgò sínú òkùnkùn fún wákàtí kan gééré, kẹ́ ẹ tó wò wọ́n. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ò yára, ìgò tó bá pẹ́ ju èkejì lọ á purọ́ fún yín.

Ibi tó ti ń dàrú jù ni iná UV fúnra rẹ̀. Ó lè fọ́ azide, kí ìgò tí kò ní gáàsì rárá sì tàn. Ìdí nìyẹn tí ìgò 0 fi gbọ́dọ̀ rí iná tí àwọn yòókù rí, kò dín kò lé. DTT, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń lò ní láàbù, náà ń ṣe bíi H₂S sí azide, ẹ má jẹ́ kó dé tòsí.

AzMC tó bá ti tàn ò ní kú mọ́, nítorí náà kò ṣeé fi ṣọ́ ẹni tó ń wọ kòtò. Ẹ̀rọ alágbèéká tó ń ké ní 10 ppm nirú ẹni bẹ́ẹ̀ máa so mọ́ àyà. Na₂S tó bá ṣẹ́kù, ẹ má dà á sínú ìgò ìdọ̀tí tó ní ásíìdì: H₂S ni yóò rú jáde níbẹ̀.