Violin Kan, Ohùn Púpọ̀

Ẹ kú dédé àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tilé àti ẹ̀yin tòkèèrè. Ọ̀rọ̀ violin ló gbà mí lọ́kàn lónìí.

Bí wọ́n bá ní olórin kan mọṣẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ni pé ìka rẹ̀ yá. Ìka yíyá pọ̀ nígboro. Ẹni tó ń jọ mí lójú ni ẹni tó dá dúró lórí pèpéle, tí ẹ ó sì máa wò yíká pé àwọn yòókù dà.

Ẹ gbọ́ Chaconne, orin tí Bach, akọrinsílẹ̀ ọmọ Jámánì, kọ fún violin kan ṣoṣo. Ọdún 1720 ló wà lára ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Bíi ìṣẹ́jú 15 ló gbà, ohùn ìsàlẹ̀ kúkurú kan ló sì ń padà wá ṣáá, tó ń pààrọ̀ aṣọ, tí gbogbo àrà ń gorí rẹ̀. Àfi bíi pé onílù kan ló ń lu ìyáàlù àti omele pọ̀! Bẹ́ẹ̀ ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa okùn violin kò lè di okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń ta á: á kan okùn méjì tó nípọn jù, á yíwọ́ kíá, á dúró lórí àwọn tó tínrín. Ohùn ìsàlẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n etí wa kò tíì jẹ́ kó lọ. Nígbà tí Brahms, akọrinsílẹ̀ ọmọ Jámánì mìíràn, gbé orin náà sórí dùùrù (piano) lọ́dún 1877, ọwọ́ òsì nìkan ló kọ ọ́ fún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Kò mú ìnira kúrò.

Owen Pallett ọmọ Kánádà náà ńkọ́, tó ń ta violin nínú indie rock (orin rock àwọn tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ orin ńlá), tó gba ẹ̀bùn Polaris àkọ́kọ́, ẹ̀bùn àwo orin Kánádà tó dára jù, lọ́dún 2006? Bó bá dá nìkan ṣeré, ẹ̀rọ lúùpù, èyí tó ń gba ohùn sílẹ̀ tó sì ń tún un gbé jáde léraléra, ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Á fìka ta okùn díẹ̀, á tẹ ẹ̀rọ, ìyẹn á máa yí; á fi ọ̀pá fa òmíràn lé e, á wá gbé orin. Àwọn kan ní ẹ̀rọ ló ń bá a ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Bí ẹsẹ̀ bá fi bíńtín pẹ́, àṣìṣe yẹn á máa yí padà wá níṣojú gbogbo èrò, kò sì síbi tí yóò sá sí.

Ẹ bá mi gbọ́ Chaconne náà kí a tó tún pàdé. Níbi tó ti kúrò ní D minor, ohùn tó máa ń dún bí ìbànújẹ́, bọ́ sí D major tó máa ń dún bí ayọ̀, èmi kì í lè ṣe nǹkan mìíràn mọ́. Ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ bó ṣe ṣe yín.