Oògùn Tí Ń Dín Ásíìdì Inú Kù: Ó Tó Àkókò Láti Tún Un Yẹ̀ Wò

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùwòran wa. Ọ̀rọ̀ omeprazole ni a fẹ́ sọ lónìí, àti ti àwọn ẹbí rẹ̀ bíi esomeprazole, rabeprazole àti pantoprazole, tí gbogbo wọn ń dín ásíìdì inú kù. Bí ẹ bá ní páálí rẹ̀ nílé, ẹ mú un dání, kí ẹ sì bi ara yín pé: ta ló ní kí n máa lò ó, kí ló ní kí n lò ó fún, ìgbà wo ló sì ní kí n dáwọ́ rẹ̀ dúró? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ń lò ó láti ọdún mélòó kan ni kò ní ìdáhùn sí èyí tó gbẹ̀yìn, nítorí pé kò sẹ́ni tó bá wọn sọ ọ́ rí.

Oògùn gidi ni o. Láti ìgbà tí omeprazole ti jáde lọ́dún 1988 ni ìtọ́jú ọgbẹ́ inú, tí gbogbo ayé ń pè ní ulcer, ti yí padà. Lára ògiri ikùn wa ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ń tú ásíìdì jáde, bí ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú kànga. Oògùn yìí máa ń ti ẹ̀rọ náà pa, àfi bí ara bá tún ṣe tuntun kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹ wo kápúsù tí a ṣí sílẹ̀ nínú àwòrán yìí: àwọn wóró funfun wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tí ẹ ń wò yìí ni oògùn gan-an, wọ́n sì fi nǹkan bò wọ́n lára kí ásíìdì má baà bà wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó dé ìfun. Ẹni tó bá rún wọn lẹ́nu ti ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Nítorí pé oúnjẹ ló ń jí àwọn ẹ̀rọ náà, ó yẹ kí a lo oògùn yìí ní 30 ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ àárọ̀. Ẹni tó ń lò ó nígbà tó bá fẹ́ sùn, tó sì ń ṣàròyé pé kò ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ àkókò nìkan ló yẹ kó yí padà, kì í ṣe pé kó sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́.

Fún ọ̀pọ̀ ẹni tí àyà ń ta, ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 ló tó. Bó bá jẹ́ kòkòrò Helicobacter pylori ló fa ọgbẹ́ náà, ọjọ́ 14 ni a sábà máa ń lò ó pẹ̀lú àwọn oògùn apakòkòrò, lẹ́yìn náà ni a óò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò ti lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: omeprazole lè fi kòkòrò náà pa mọ́ fún àyẹ̀wò èémí tàbí ti ìgbẹ́, nítorí náà ó yẹ kí aláìsàn ti dáwọ́ rẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 kí ó tó ṣe àyẹ̀wò.

Báwo ni ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣe wá di ọdún mẹ́jọ? Lápá kan, ó rọrùn láti rà á ní ilé ìtajà oògùn láìsí ẹni tó bi wá léèrè. Ṣùgbọ́n ohun tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù lọ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dá a dúró. Nígbà tí ásíìdì bá dín kù pẹ́, ara máa ń tú hòmóònù kan tí à ń pè ní gastrin jáde sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ti àwọn sẹ́ẹ̀lì náà pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí oògùn bá kúrò lójijì, ásíìdì á tú jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Denmark, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2009 lo ènìyàn 120 tí inú kò yọ lẹ́nu. Àwọn kan lo esomeprazole fún ọ̀sẹ̀ 8, àwọn yòókù lo hóró tí kò ní oògùn nínú. Lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ dúró, 44 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo oògùn ni àyà ń ta tàbí tí inú ń yọ lẹ́nu. 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti àwọn yòókù. Àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀ ni o! Nítorí náà, bí àyà bá ta yín lọ́jọ́ kẹta tí ẹ dáwọ́ dúró, kò fi dandan túmọ̀ sí pé àìsàn ti padà dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló sábà máa ń lọ sílẹ̀.

Ní ti ewu, mi ò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Lílò rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lè mú kí fítámì B12 dín kù lára, pàápàá fún alátọ̀gbẹ tó tún ń lo metformin. Ó lè mú kí magnesium ara wálẹ̀, bí FDA, àjọ tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ṣe kìlọ̀ lọ́dún 2011. Ó sì lè ṣí ọ̀nà fún àwọn kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn ìwádìí kan tún dárúkọ egungun àti kíndìnrín. Síbẹ̀, nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2019, tí ènìyàn tó lé ní 17,000 kópa nínú rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àìsàn kòkòrò inú ìfun nìkan ló pọ̀ sí i ní gbangba lọ́dọ̀ àwọn tó lo pantoprazole. Lójú tèmi, kì í ṣe ìbẹ̀rù ló yẹ kó mú wa tún un yẹ̀ wò, bí kò ṣe pé oògùn tí kò ní iṣẹ́ mọ́ lára kò yẹ kó máa wọlé síbẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra wọn. Bàbá tó ti dàgbà, tó ń lo aspirin nítorí ọkàn, tí ọgbẹ́ inú sì ti mú kí ó ṣẹ̀jẹ̀ rí, oògùn yìí ni ààbò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ásíìdì ti dá egbò ńlá sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, tàbí tí dókítà ti sọ fún pé ó ní Barrett, ìyẹn ìyípadà tí ásíìdì ń fà sí awọ inú ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tó ń lo clopidogrel, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, náà gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀, nítorí omeprazole lè dín agbára rẹ̀ kù, tí pantoprazole sì lè rọ́pò omeprazole náà.

Ní Britain, ìlànà NICE, àjọ tí ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ níbẹ̀, ní kí ẹni tó ń gba irú ìtọ́jú yìí fún ìgbà pípẹ́ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́dọọdún. Lọ́dọ̀ tiwa, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má pè yín, nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ gbéra. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò sínú àpò kan, títí kan àgbo àti ibuprofen tàbí diclofenac tí ẹ ń lò fún ara ríro, nítorí àwọn oògùn ara ríro yìí gan-an lè máa dá egbò sí inú tí ẹ ń wò sàn. Dókítà lè ní kí ẹ sọ miligíráàmù 40 di 20, kí ẹ tó máa lò ó ní ọjọ́ kan kí ẹ fo ọjọ́ kejì, tàbí kí ẹ máa lò ó nígbà tí ó bá pọn dandan nìkan. Láàárín ìgbà náà, Mist Mag díẹ̀, oògùn olómi tí ń pa ásíìdì, lè tu yín lára. Ẹ jẹun alẹ́ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú oorun, kí ẹ sì fi igi tàbí búlọ́ọ̀kù gbé ìhà orí ibùsùn sókè. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá dúdú, tí ẹ bá bì ẹ̀jẹ̀, tí oúnjẹ kò lọ dáadáa ní ọ̀fun, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ bá dókítà dá; ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.