Ta Ni Yóò Kà Á? Àkọtọ́ àti Yorùbá Orí Fóònù

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti òbí ní Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa, ẹ kú ìjókòó. Ìbéèrè tí ẹ gbé ka iwájú mi ni pé, nígbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ṣákálá là ń bára wa sọ lórí WhatsApp àti Facebook, ṣé ó tún pọn dandan ká máa ṣọ́ àkọtọ́ àti gírámà? Mo ní ó pọn dandan, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ló wúwo bákan náà. Èyí tó ń mú kí òǹkàwé ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ gbógun tì.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹbí kan ń péjọ sí Ìkéré fún ìgbéyàwó. Ẹnì kan kọ ọ́ sí gúrúùpù ẹbí pé: "Mama lo ku o." Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé Màmá ló kù, Màmá nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Ọmọ Màmá tó wà ní Èkó ṣí fóònù rẹ̀, kò rí àmì kankan, ó kà á sí pé Màmá ló kú. Kí ó tó rí ẹni tó máa gbé ìpè rẹ̀, ara rẹ̀ á ti máa gbọ̀n.

Àmì ohùn kan péré ló fa gbogbo èyí. Àmọ́ ẹ tún un wò dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé "Mama lo ku ti a n reti" ló kọ, kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́, bí kò tilẹ̀ fi àmì kan sí i. Ẹni tí kò ráyè fi àmì sọ́rọ̀ lè fi gbólóhùn tó pé dí àyè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? "Ko san owo to ku." Ṣé kò san án ni, àbí kó san án? Ọ̀kan ń fẹjọ́ sùn, èkejì ń pàṣẹ. "O ti gba a": ṣé ìwọ lo gbà á, àbí òun ló gbà á? Níbi tí ikú, owó, oògùn, orúkọ èèyàn tàbí àkókò bá ti wà nínú ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àmì ṣahun.

Síbẹ̀, mi ò fara mọ́ àwọn tó ń pe ọ̀dọ́ ní ọ̀lẹ nítorí àmì. Láti ìgbà àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù (SMS) ni àṣà yìí ti wọ̀ wá lára. Ojú ewé àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí lára lẹ́tà tí ètò àtẹ̀jíṣẹ́ náà mọ̀. Ó mọ à, kò mọ á. Bí ẹ bá ti fi ẹyọ ẹ kan ṣoṣo sínú rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á yí sí ètò mìíràn tí ojú ewé rẹ̀ kò gbà ju 70 lọ. Ẹni tó kọ Yorùbá bó ṣe yẹ lè sanwó ojú ewé méjì fún ohun tí ẹni tó kọ ọ́ játijàti san ti ẹyọ kan fún. Lórí kọ̀ǹpútà òde òní pàápàá, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni wọ́n ń gbé àmì lé lẹ́tà lórí. Ìdí nìyẹn tí àmì fi máa ń yẹ̀ lórí àwọn fóònù kan. Ní báyìí tí Gboard, pátákó ìtẹ̀wé orí fóònù, ti ní Yorùbá, àwíjàre ti dín kù, kò kàn tíì tán ni.

Àkọtọ́ fúnra rẹ̀ kò dúró sójú kan rí. Ní 1875 ni àwọn míṣọ́nnárì ìjọ CMS ṣèpàdé lórí rẹ̀ ní Èkó, kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884. Àkọtọ́ tí à ń lò nílé ìwé lónìí, 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí i. Bàbá tó kàwé ṣáájú ìgbà yẹn tó ń kọ "aiye", "enia" àti "nwọn", bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ẹ lè ṣì rí "Effon-Alaiye" tí wọ́n ń kọ fún Ẹ̀fọ̀n-Aláayè; ayé àtijọ́ ló wà nínú f méjì àti "aiye" yẹn.

Ohun tó ń dùn mí jù kì í tilẹ̀ ṣe àmì. Ọ̀dọ́ kan lè kọ "Mo jeun tan, mo si sun" láìfi àmì kan sí i, Yorùbá tó dán mọ́rán ló kọ. Ẹlòmíràn á to àmì pé pérépéré: "Mo jẹun àti mo sùn." Àmì ibẹ̀ kò ṣì, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni "àti" ń so pọ̀: Adó àti Ìkéré, iyán àti ọbẹ̀. Tó bá di gbólóhùn, a ń lo "sì", tàbí ká tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí àwọn ìyá wa ṣe ń tò ó: ó dìde, ó bọ́jú, ó gbọ̀nà ọjà. "Mo gbọ́ wípé" náà gbòde báyìí. Ẹni tó gbọ́ kò wí nǹkan kan. "Mo gbọ́ pé" ti tó. Àmì tó fò, ẹni tó gbédè lè fi ojú inú dá a padà. Gbólóhùn tó wọ́, bí ọmọ tó kà á ṣe máa kọ́ ọ nìyẹn, pàápàá ọmọ tó jẹ́ orí fóònù nìkan ló ti ń ka Yorùbá.

Ó ku ti Èkìtì. Bí ọmọ Ìkọ̀lé bá kọ "Mo ti de ule", ẹ má ṣe tún un kọ sí "ile" fún un. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ orúkọ kì í fi u bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá ìwé, àmọ́ ulé àti ùlú ni à ń pè é nílé. Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ni àwọn tó kọ́kọ́ kọ èdè wa sílẹ̀ gbára lé jù. Fún ìwé ìdánwò, ẹ kọ́ ọ ní "ilé". Tó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń kọ̀wé sí, "ulé" ló tọ́.

Olùkọ́ kan bi mí léèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi pé, gbogbo ìgbà tí òun bá ti tún ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ṣe nínú gúrúùpù ni wọ́n máa ń sá padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni kí òun ṣe? Mo ní bí ó bá jẹ́ iye owó tàbí ọ̀rọ̀ ikú ni wọ́n kọ tó lè ṣini lọ́nà, ẹ tún un ṣe níbẹ̀ kíá, lójú gbogbo ẹbí. Bí ó bá jẹ́ "e kaaro ma" lásán ni, ẹ dá a lóhùn: "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé dáadáa lẹ jí?" Ẹ jẹ́ kí àmì rẹ̀ pé. Wọ́n á rí i.