Ìwé ìròyìn tó wá òfin fún àwọn nọ́ọ̀sì

Ẹ wo obìnrin tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì yìí. Aṣọ nọ́ọ̀sì ló wọ̀, abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ta ló máa jẹ́rìí fún ẹni tó dùbúlẹ̀ pé ó kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún lóòótọ́?

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1888, kò sẹ́ni. Ẹni tó fi ọdún gbọọrọ kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù àtẹni tó ra aṣọ funfun lánàá, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì. Òfin ò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọdún yẹn ni ìwé ìròyìn Nursing Record bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ Ethel Bedford Fenwick, obìnrin tó di mátírọ́ọ̀nù ọsibítù St Bartholomew's ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́mọ ọdún 24. Ní 1902, ó di British Journal of Nursing.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú aláìsàn wà nínú ẹ̀, bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin náà wà níbẹ̀: àbá òfin tó ń bọ̀, ẹni tó gbè é, ẹni tó dènà ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú lè jókòó ti ife tíì ẹ̀, kó ka ohun táwọn tí ò fọ egbò rí ń sọ nípa iṣẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ló wú mi lórí jù.

Ohun tí Fenwick àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ń bèèrè ni ìwé orúkọ tí òfin máa gbé kalẹ̀, tí wọ́n á máa kọ orúkọ nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ lóòótọ́ sí. Florence Nightingale, gbajúmọ̀ nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ò fara mọ́ ọn. Ó ní ìdánwò ò lè wọn ìwà èèyàn. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò ní dà á nù. Àmọ́ ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ rí inú ẹni tó ń gún un lábẹ́rẹ́? Orúkọ inú ìwé ló lè rí.

New Zealand ti ṣòfin tiwọn ní 1901. Ní Gẹ̀ẹ́sì, àbá ń lọ, àbá ń bọ̀, ìwé ìròyìn yìí ò dákẹ́, títí òfin ọ̀hún fi wọlé ní Oṣù Kejìlá 1919. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé orúkọ ní 1921, Fenwick ni nọ́ńbà kìíní.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ̀ ń wò mí, ẹ mú ìwé ìròyìn iṣẹ́ yín tó jáde kẹ́yìn. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ iye aláìsàn tó yẹ kí nọ́ọ̀sì kan mójú tó lálẹ́. Iye tíjọba yà sọ́tọ̀ fún ọsibítù ńkọ́? Tẹ́ ò bá rí i, ẹ kọ̀wé sí olóòtú.

Nọ́ọ̀sì ilẹ̀ wa kan ti ṣe irú ẹ̀ rí: Kofoworola Abeni Pratt. Ó kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, nílé ẹ̀kọ́ tí Nightingale dá sílẹ̀. Ó padà wálé, ó di mátírọ́ọ̀nù ní UCH Ìbàdàn. Pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ yẹn lọ́rùn ẹ̀, ó tún ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Nigerian Nurse.