Ká Tó Kọ́ Ọmọ ní Òfin Newton: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú ìjókòó. Àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14 tí à ń kọ́ nípa ipá àti ìrìn kì í wá sí kíláàsì lọ́wọ́ òfo. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń rákò ni wọ́n ti ń ti nǹkan, tí wọ́n ń fà á, tí wọ́n ń jù ú. Ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ ni pé nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò bá tì kì í lọ. Èrò yìí ti ta gbòǹgbò kí wọ́n tó pàdé wa, òun gan-an ló sì yẹ ká kọ́kọ́ wá jáde.

Ẹ ju bọ́ọ̀lù kékeré kan sókè. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yàwòrán rẹ̀ nígbà tó ṣì ń gòkè, kó sì fi ọfà tọ́ka sí gbogbo ipá tó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn yóò ya ọfà kan sókè, wọ́n á ní ipá ọwọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Tí a bá yọwọ́ afẹ́fẹ́ tó ń dí i lọ́nà díẹ̀, òòfà ilẹ̀ nìkan ló kù, ìsàlẹ̀ ló sì ń fà á sí, ìbáà máa gòkè, ìbáà máa bọ̀ nílẹ̀. Ní 1982, John Clement, olùwádìí nípa ẹ̀kọ́ físíìsì, tẹ ìwádìí jáde lórí irú ìbéèrè yìí: owó ẹyọ tí wọ́n jù sókè ló lò, akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ló bi, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ṣì í. Nítorí náà, ẹ má bá ọmọ kékeré wí.

Aristotle pàápàá, onímọ̀ Gíríìkì àtijọ́, gbà pé ohun tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń tì í. Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, ló yí ìbéèrè náà padà, a sì lè tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ gbé pákó méjì dagẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kojú síra. Bọ́ọ̀lù tó yí sọ̀kalẹ̀ lórí èkíní yóò gun èkejì dé ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ibi tó ti wá. Ẹ wá rẹ èkejì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń rìn á máa gùn sí i. Tó bá wá tẹ́jú pátápátá ńkọ́? Ẹ dákẹ́ níbí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn, kí wọ́n kọ èrò wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì tún un dán wò lórí aṣọ àti lórí gíláàsì. Nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, “Kí ló dá a dúró?” dípò “Kí ló ń tì í?”, ó ti dé ibi tí òfin àkọ́kọ́ tí Newton tẹ̀ jáde ní 1687 wà: ohun tó ń lọ á máa lọ tààrà láìyí eré padà, àfi tí ipá kan bá yí i padà.

Lójú tèmi, òfin kejì, F = ma (ipá jẹ́ ìwọ̀n ohun náà lọ́nà ìyípadà eré rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan), lè dúró di ìgbà yẹn. Ọmọ tó ń ṣírò rẹ̀ láìṣì lè ṣì máa ya ọfà ọwọ́ sókè.

Ní ti òfin kẹta, pé tí nǹkan kan bá ti òmíràn, òmíràn náà á fi ipá kan náà tì í padà, ẹ tẹnu mọ́ ohun kan: ipá méjèèjì kì í ṣiṣẹ́ lára nǹkan kan náà. Ẹsẹ̀ ń ti ilẹ̀ sẹ́yìn, ilẹ̀ ń ti ẹsẹ̀ síwájú.

Ẹ lè fi fídíò David Scott kún un, arìnrìn-àjò òfuurufú ará Amẹ́ríkà tó ju òòlù àti ìyẹ́ sílẹ̀ lórí òṣùpá ní 1971, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ tó lè dí wọn lọ́nà, tí méjèèjì balẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n kí gbogbo wọn ti kọ ohun tí wọ́n rò sílẹ̀ kí ẹ tó tàn án.